Láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Kotobabi: Ìgbàgbọ́ tó ń bá ọlọ́jà lọ sí ọjà

Ẹni tó bá rìn la Kotobabi já ní ìlú Accra, tíí ṣe olú-ìlú orílẹ̀-èdè Ghana, kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ ẹ̀sìn tó gbilẹ̀ níbẹ̀ fún un. Pátákó onígbàjámọ̀ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Jésù. Ẹni tó ń ta ìṣó àti ọ̀dà kọ ọ́ síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pé oore-ọ̀fẹ́ ló gbé òun ró. Ọkọ̀ èrò tí wọ́n ń pè ní trotro kọ "Onyame" sẹ́yìn, ìyẹn Ọlọ́run ní èdè Twi, ó sì ń sáré bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà ló ń tì í. Bí ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú bá sì mọ́, orin ilé ìjọsìn kan kì í tíì parí kí ti èkejì tó gbà á.

Kò yani lẹ́nu. Ètò ìkànìyàn tí Ghana ṣe ní ọdún 2021 fi hàn pé ènìyàn 71 nínú ọgọ́rùn-ún ló pe ara wọn ní Kristẹni. Nítorí náà, kì í ṣe bóyá àwọn ènìyàn gbàgbọ́ ni ìbéèrè tó wà nílẹ̀. Ìbéèrè náà ni ohun tí ìgbàgbọ́ ń ṣe ní ọjọ́ Ajé, nígbà tí oníbàárà bá dúró síwájú àtẹ, tí onígbèsè bá ń gba ẹ̀yìnkùlé kọjá kí a má baà rí i, tí àlejò tó ń sọ èdè mìíràn bá sì wá gba ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí tẹni.

Ìtàn kan wà tó lè la ìbéèrè yìí yéni ju ọ̀pọ̀ ìwàásù lọ, ìtàn àwọn oníṣòwò Yorùbá ní Ghana sì ni.

Àdúgbò tí wọ́n fi Èkó pè

Kotobabi kò jìnnà sí Alajo, Nima àti Maamobi, bẹ́ẹ̀ ni Accra New Town wà nítòsí rẹ̀. Ṣùgbọ́n New Town kọ́ ni orúkọ àdúgbò yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀. Lagos Town ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀, nítorí àwọn tó ti Nàìjíríà wá tẹ̀dó síbẹ̀. Mùsùlùmí àti Kristẹni jọ wà nínú wọn.

Àjọṣe náà tilẹ̀ ti pẹ́ ju àdúgbò yẹn lọ. "Alata" ni àwọn Ga àti àwọn Akan ń pe àwọn àlejò tó ti apá ìlà-oòrùn wá, orúkọ tí wọ́n fà yọ láti ara Allada, ìlú àtijọ́ kan ní ilẹ̀ Benin òde òní. Nígbà tó yá, Yorùbá gan-an ni ọ̀pọ̀ ń fi orúkọ náà pè. Ọṣẹ dúdú tí gbogbo Yorùbá mọ̀ ni wọ́n ń pè ní "alata samina" ní Ghana títí di òní, ìyẹn ọṣẹ àwọn Alata. Obìnrin Yorùbá tó ń ta ọjà wẹ́wẹ́ ni wọ́n sì ń pè ní "Mami Alata". Ó ṣeé ṣe kí ará Ghana má mọ ibi tí Ògbómọ̀ṣọ́ wà, ṣùgbọ́n ó mọ Mami Alata, ó mọ iye tó ń ta ata, ó sì mọ̀ bóyá ó ń fi èènì sí i tàbí kò fi sí i.

Ṣọ́ọ̀ṣì tí kò dúró de àlùfáà

Ọ̀nà ilẹ̀ tí a ń pè ní Ghana lónìí ni òjíṣẹ́ ìjọ Kristẹni kọ́kọ́ gbà wọ ilẹ̀ Yorùbá, kó tó di pé Yorùbá gbé ìgbàgbọ́ tirẹ̀ lọ síbẹ̀. Ní ọdún 1841, James Ferguson, ọ̀kan lára àwọn tó gba òmìnira tí wọ́n sì padà láti Sierra Leone, kọ̀wé láti Àgbádárìgì láti bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n rán oníwàásù sí àwọn. Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ló dá a lóhùn. Thomas Birch Freeman gbéra láti Cape Coast pẹ̀lú William de Graft, ọmọ bíbí ilẹ̀ náà, wọ́n sì gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842. Kí ọdún náà tó parí, Freeman ti dé Abẹ́òkúta. Ẹ kíyè sí i pé àwọn ará ilé ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni òjíṣẹ́ ìjọ tó dé.

Ìjọ Onítẹ̀bọmi ní tirẹ̀ gba ọwọ́ Thomas Jefferson Bowen, ará Amẹ́ríkà, ẹni tó dé ilẹ̀ Yorùbá ní ọdún 1850. Ní ọdún 1855 ó dé Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú náà sì di ibùdó pàtàkì fún àwọn Onítẹ̀bọmi débi pé ibẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ àwọn òjíṣẹ́ wọn wà títí di òní. Ìlú oníṣòwò sì ni Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú. Ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún tó kọjá, àwọn ọmọ rẹ̀ àti àwọn ará Ọ̀ffà, Ìwó, Ṣakí, Ìgbẹ́tì àti Ìlọrin ń di ẹrù lọ sí Gold Coast, orúkọ tí Ghana ń jẹ́ nígbà náà. Wọ́n tú ká láti Accra dé Kumasi, títí dé Tamale lápá àríwá. Aṣọ, abẹ́rẹ́, okùn, díńgí àti oríṣiríṣi ọjà wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń tà. Àwọn tó jẹ́ Kristẹni nínú wọn kò fi ìsìn sílẹ̀ sílé.

Níbi tí wọ́n bá dúró sí, wọ́n a bẹ̀rẹ̀ ìjọ. Wọn kì í dúró de àlùfáà. Ìdí tí èyí fi ṣeé ṣe wà nínú ìlànà Onítẹ̀bọmi fúnra rẹ̀. Nínú Ìjọ Áńgílíkà tàbí ti Àgùdà, àṣẹ bíṣọ́ọ̀bù ló ń fi ìjọ múlẹ̀, àlùfáà tí wọ́n yàn sì ni ẹ̀tọ́ wà fún láti darí Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Ṣùgbọ́n lójú Onítẹ̀bọmi, àwọn àgbàlagbà mélòó kan tí wọ́n ti fi ẹnu ara wọn jẹ́wọ́ ìgbàgbọ́, tí wọ́n sì ti rì wọ́n bọ omi, ti tó di ìjọ bí wọ́n bá ti fi ohùn ṣọ̀kan. Wọ́n lè yan olórí láàárín ara wọn. Yàrá ẹnì kan ti tó fún ìpàdé. Báyìí ni ẹni tó ń ta aṣọ ní ọjọ́ Sátidé fi ń di díákónì ní ọjọ́ Àìkú, láìsí pé ẹnì kan rán an láti òkè òkun. Ẹ̀yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni àwọn míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fìdí múlẹ̀ ní Gold Coast, wọ́n sì bá ìjọ àwọn Yorùbá nílẹ̀. Abẹ́ àpapọ̀ Onítẹ̀bọmi ti Nàìjíríà ni àwọn ìjọ náà wà títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, kí Ghana tó dá tirẹ̀ dúró.

Irú ìjọ bẹ́ẹ̀ ní ìṣòro kan tí ìjọ tó ní àlùfáà lè sá fún: kò sí ẹni tí wọ́n yà sọ́tọ̀ láti máa jẹ́ ẹni mímọ́ nítorí àwọn yòókù. Gbogbo wọn ló ń ta ọjà. Oníṣòwò àgbà ló ń kó àbúrò àti ọmọ ìyá wá láti ilé, tí ó ń kọ́ wọn ní òwò, tí ó sì ń fún wọn ní ọjà díẹ̀díẹ̀ títí wọn yóò fi dá dúró. Àwìn ló pọ̀ jù nínú òwò náà. Níbi tí báǹkì kò sí tàbí tí kò fẹ́ yá àlejò lówó, orúkọ ẹni ni báǹkì ẹni. Bí díákónì bá gba aṣọ lọ́wọ́ ará ìjọ tí kò sì san owó rẹ̀, kò sí bí ọ̀rọ̀ náà kò ṣe ní dé ibi àdúrà kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ọjà àti ìjọ mọ ara wọn. Ó nira fún ènìyàn láti jẹ́ ẹni ọ̀tọ̀ níhìn-ín àti ẹni ọ̀tọ̀ lọ́hùn-ún, kì í ṣe nítorí pé ọkàn àwọn ará àtijọ́ mọ́ ju tàwọn èèyàn òde òní lọ, bí kò ṣe pé ẹlẹ́rìí wọn pọ̀.

Ta ni wọ́n kọ ọ̀rọ̀ "tọkàntọkàn" sí?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn Kristẹni máa ń lò bí wọ́n bá ń sọ nípa fífi gbogbo ọkàn sin Ọlọ́run. Inú ìwé tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Kólósè ló wà, ìlú àtijọ́ kan ní ilẹ̀ Turkey ti òde òní. Ọ̀pọ̀ ń fi í gba ẹgbẹ́ akọrin àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ níyànjú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ka apá ibẹ̀ láti òkè yóò rí i pé kì í ṣe akọrin ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Ẹrú ni. Àwọn tí kò yan iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, tí owó ọ̀yà kò sì tọ́ sí wọn, ni Pọ́ọ̀lù sọ fún pé kí wọ́n ṣe iṣẹ́ náà bí ẹni tó ń ṣe é fún Olúwa, kì í ṣe kìkì ìgbà tí ojú ọ̀gá bá wà lára wọn.

Àwọn olówó ẹrú ní Amẹ́ríkà lo ibi yìí lílòkulò láti mú kí ẹrú gba àjàgà rẹ̀, ó sì yẹ kí a rántí bẹ́ẹ̀. Wọn kì í sábà kà á dé iwájú, níbi tí ìwé náà ti kọjú sí àwọn ọ̀gá, tí ó ní kí wọ́n fún ọmọ-ọ̀dọ̀ ní ohun tó tọ́, nítorí àwọn náà ní ọ̀gá. Síbẹ̀ ohun kan hàn kedere níbẹ̀. Iṣẹ́ gan-an ni ìjọsìn tó ń wí. Kì í ṣe àdúrà tí a gbà lórí iṣẹ́, kì í sì í ṣe orúkọ Jésù tí a kọ sára pátákó.

Ẹ jẹ́ kí a gbé e dé ìdí àtẹ. Ní ọjà Ghana, ohun tí wọ́n fi ń wọn gàrí, ìrẹsì, àgbàdo àti ẹ̀wà ni wọ́n ń pè ní "olonka". Ọpọ́n irin ni, iṣẹ́ tí kóńgò ń ṣe ní Nàìjíríà náà ló ń ṣe. Gbogbo ẹni tó ń ra oúnjẹ sì mọ ohun tí wọ́n lè fi irú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀ ṣe. Wọ́n lè lu ìdí rẹ̀ wọ inú. Wọ́n lè fi nǹkan dí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ó má jìn mọ́. Atajà tí ọwọ́ rẹ̀ yá lè fi àtẹ́lẹwọ́ gba àyè nínú rẹ̀ bó ṣe ń bù ú. Òfin Mósè ti ka á léèwọ̀ látijọ́ pé kí ènìyàn ní oríṣi òṣùwọ̀n méjì nípamọ́, ńlá fún rírà àti kékeré fún títà. Ìwé Òwe náà sọ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Nítorí náà, a kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ kóńgò kéré jù fún ẹ̀sìn.

Ohun tó burú jù nínú rẹ̀ tilẹ̀ ń pani lẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn tí atajà bá ti bù ú tán, yóò tún ki ọwọ́ sínú àpò, yóò sì fi díẹ̀ kún un. Èènì ni Yorùbá ń pè é, ntoso ni wọ́n ń pè é ní Twi. Oníbàárà yóò dúpẹ́, yóò sì súre fún un. Nínú gàrí oníbàárà fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti yọ ọ́.

Ó rọrùn láti dá irú obìnrin bẹ́ẹ̀ lẹ́jọ́ bí ènìyàn kò bá sí ní ipò rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, iye tí ọjà fi gbówó lórí ní Ghana láàárín ọdún kan ju ìdá 54 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Àpò ìrẹsì tí ó rà ní oṣù tó kọjá kò ṣeé rà ní iye náà mọ́. Ọ̀nà méjì péré ló wà níwájú rẹ̀: kí ó fi owó kún olonka, tàbí kí ó dín ohun tó wà nínú olonka kù. Bí ó bá fi owó kún un, gbogbo ènìyàn yóò rí i, àwọn kan yóò sì kọjá sí àtẹ kejì, níbi tí iye owó kò yí padà ṣùgbọ́n tí ìdí olonka ti wọlé. Bí ó bá dín in kù, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Obìnrin tó bá fi owó kún un tí kò sì fọwọ́ kan ìdí olonka ń pàdánù oníbàárà ní gbangba nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀, kò sì ní sí ẹni tí yóò pè é jáde láti wá jẹ́rìí sí i nínú ìsìn. Ẹ̀rí tí wọ́n ń jẹ́ níbẹ̀ ni ti ẹni tí ọjà rẹ̀ tà.

Èésú náà rí bẹ́ẹ̀. "Susu" ni wọ́n ń pè é ní Ghana, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì gbà pé láti inú èésú Yorùbá ni orúkọ náà ti wá. Alájọ yóò máa yí ọjà ká lójoojúmọ́, yóò máa gba owó díẹ̀díẹ̀, yóò sì máa sàmì sí káàdì. Ní ìparí oṣù, yóò dá owó padà, yóò sì mú ti ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń dá a lọ́wọ́ kò ní ìwé àdéhùn kankan ju káàdì yẹn lọ. Bí alájọ bá jẹ́ ará ìjọ kan náà, ọkàn onítọ̀hún a tún balẹ̀ sí i. Nítorí èyí gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ alájọ tó bá sá lọ fi ń wúwo ju ti olè lọ, nítorí pé orúkọ Ọlọ́run wà lára ohun tó fi gba owó náà.

Ọjọ́ mẹ́rìnlá

Ní ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Kofi Abrefa Busia kéde pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú gbà á tàbí kí wọ́n kúrò ní Ghana láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ìkànìyàn ọdún 1960 ti fi hàn pé àwọn Yorùbá tó wà ní orílẹ̀-èdè náà tó nǹkan bí 100,000. Inú Ghana ni wọ́n ti bí púpọ̀ nínú wọn. Àwọn kan kò tíì fojú kan Ògbómọ̀ṣọ́ rí.

Ìdí tí ìjọba fi ṣe bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti rí. Gbèsè wọ ìlú lọ́rùn, iṣẹ́ kò sí, àwọn ọmọ ìlú sì ń ráhùn pé àlejò ló gba ọjà kan. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì náà ni kò ṣeé gbàgbé. Oníṣòwò tó ti fi ogún ọdún kó ọjà jọ ń tà á ní ìdá díẹ̀ nínú iye rẹ̀. Ẹni tó ti tà láwìn kò rí ẹni tí yóò san án, nítorí onígbèsè mọ̀ pé bí òun bá ti lè fara pamọ́ di ìparí ọ̀sẹ̀ kejì, gbèsè náà ti tán nìyẹn. Ọkọ̀ ẹrù ń gba Togo àti Benin kọjá sí Nàìjíríà, orílẹ̀-èdè tó ṣì wà nínú ogun abẹ́lé nígbà náà.

Busia jáde nílé ẹ̀kọ́ Mẹ́tọ́díìsì, ọ̀mọ̀wé ńlá sì ni. A kò lè rí inú ọkàn ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n inú Bíbélì tí wọ́n fi kọ́ ọ, òfin kan tún ara rẹ̀ sọ níbi púpọ̀: kí Ísírẹ́lì má ṣe ni àlejò lára, nítorí àwọn náà ti ṣe àlejò rí ní Íjíbítì. Ìlú tí Kristẹni ti pọ̀ ni àṣẹ ọdún 1969 ti jáde. Kì í ṣe ìjọba nìkan ló sì dán wò. Aládùúgbò tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ ilé sí lọ́wọ́, ẹni tó jẹ gbèsè aṣọ tó sì lè san án kó tó di ọjọ́ kẹrìnlá, oníbàárà tó mọ iye tó tọ́ sí ọjà ṣùgbọ́n tí wọ́n ń bẹ̀ pé kó mú un ní iye tó bá fẹ́: gbogbo wọn ló ní ìpinnu tí wọ́n ní láti ṣe, wọ́n sì ní ọ̀sẹ̀ méjì láti ṣe é.

Ìjọ tí àwọn oníṣòwò náà dá sílẹ̀ fara gbá a gan-an. Àwọn kan pàdánù èyí tó pọ̀ jù nínú ọmọ ìjọ wọn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ibi yìí ló yẹ kí a dúró sí díẹ̀, nítorí àṣìṣe kan hàn níbẹ̀ tí kì í ṣe ti ìjọba. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi ń ṣe ìsìn ní púpọ̀ nínú àwọn ìjọ náà. Ó tu àwọn tó wà lájò nínú, ó jẹ́ kí ọmọ tí wọ́n bí sí Kumasi gbọ́ èdè bàbá rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè dá wọn lẹ́bi fún ìyẹn. Síbẹ̀, ẹni tó ń ra aṣọ lọ́wọ́ wọn láti ọjọ́ Ajé dé Sátidé kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ ní ọjọ́ Àìkú. Wọ́n kọ́ Twi àti Ga láti fi ná ọjà. Ìsìn ni ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fi èdè náà ṣe. Nígbà tí wọ́n lọ tán, àwọn tó ṣẹ́kù ní láti bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, ní èdè ilẹ̀ náà, ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Ghana sì tún dìde. Lónìí ó ti di ọ̀kan nínú àwọn ìjọ tí wọ́n mọ̀ bí ẹni mowó ní orílẹ̀-èdè náà.

Nǹkan bí ọdún mẹ́tàlá péré lẹ́yìn náà, kàǹga yí padà. Ní oṣù Kìíní ọdún 1983, Nàìjíríà ló lé àwọn àjèjì tí kò ní ìwé, nǹkan bí mílíọ̀nù kan nínú wọn sì jẹ́ ọmọ Ghana. Àpò onílà tí wọ́n kó ẹrù sí ṣì ń jẹ́ "Ghana Must Go" títí di òní. Àwọn tó fi ṣe yẹ̀yẹ́ ní ọjà Èkó nígbà náà pọ̀, àwọn kan nínú wọn sì jẹ́ ọmọ ẹni tí wọ́n lé kúrò ní Accra.

Ariwo àti ìwà

Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò Accra lónìí, bí wọ́n bá ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n mọ̀ nípa Kristẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ohun àkọ́kọ́ tí àwọn kan yóò sọ ni ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ní àárín oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹfà lọ́dọọdún, àwọn Ga máa ń fi òfin de ìlù àti ariwo fún ọjọ́ ọgbọ̀n, gẹ́gẹ́ bí ìmúrasílẹ̀ fún ọdún Homowo. Ní ọdún 1998, ìjà bẹ́ sílẹ̀ lórí rẹ̀ nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ kọlu ilé ìjọsìn kan ní Accra. Lójú àwọn Kristẹni kan, dídákẹ́ jẹ́ títẹríba fún òrìṣà. Lójú àwọn mìíràn, kò sí ohun tó ń dín kù nínú ìgbàgbọ́ bí ènìyàn bá fi ẹnu lásán kọrin fún oṣù kan nítorí onílẹ̀. Ní ọdún 2018, mínísítà kan tilẹ̀ dábàá pé kí mọ́sáláṣí máa fi WhatsApp pe ìrun. Àwọn ará ìlú rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wàhálà tó ń wá ojútùú sí kì í ṣe àwàdà.

Ní ọjọ́ Àjíǹde ọdún 2019, ohun tí ọ̀pọ̀ kò retí ṣẹlẹ̀. Olórí àwọn Ìmáàmù Ghana, Sheikh Osmanu Nuhu Sharubutu, ẹni tó ń pé ọgọ́rùn-ún ọdún lọ́sẹ̀ náà, lọ jókòó nínú ìsìn Ìjọ Àgùdà ní Christ the King ní Accra. Ní ìlú tí Nima tó kún fún Mùsùlùmí àti Kotobabi ti jọ ń lo ọjà àti ojú ọ̀nà kan náà, bàbá arúgbó tó jókòó jẹ́jẹ́ yẹn yé àwọn ènìyàn yékéyéké. Bákan náà ni kòtò ńlá tó wà fún kàtídírà orílẹ̀-èdè ṣe yé wọn. Ààrẹ Akufo-Addo fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2020. Wọ́n ná ju mílíọ̀nù 58 dọ́là lọ lé e lórí, ilé kò dìde, ìbéèrè nípa owó náà sì kan àwọn àgbà ìjọ tó wà nínú ìgbìmọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú. Obìnrin tó ń ta gàrí lè má mọ nǹkan kan nípa ìṣirò owó ìjọba, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tó túmọ̀ sí kí ènìyàn gba owó ohun kan kó má sì gbé ohun náà kalẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n tì pa

Ọ̀rọ̀ àlejò tún ti padà wá. Òfin tí Ghana ṣe ní ọdún 2013 lórí ìdókòwò ya òwò wẹ́wẹ́ nínú ọjà sọ́tọ̀ fún ọmọ ìlú, ó sì ní kí àjèjì tó bá fẹ́ ṣòwò ọjà títà ní ó kéré tán mílíọ̀nù kan dọ́là àti ogún òṣìṣẹ́ tó jẹ́ ọmọ Ghana. Àwọn ọmọ Nàìjíríà ní àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 fún àwọn ní ẹ̀tọ́ láti wọlé kí wọ́n sì ṣiṣẹ́ ajé. Ìhà méjèèjì ní ìwé tí wọ́n gbé dání. Ní ọdún 2019 àti 2020, wọ́n ti ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù àwọn ọmọ Nàìjíríà pa ní Accra, pàápàá ní agbègbè Kwame Nkrumah Circle, tí kò jìnnà púpọ̀ sí Kotobabi. Ní oṣù Keje ọdún 2025, àwọn kan jáde sí títì láti béèrè pé kí àwọn ọmọ Nàìjíríà máa lọ. Ìjọba Nàìjíríà rán mínísítà sí Accra, Ààrẹ John Mahama sì fi dá wọn lójú pé wọn kò ní lé ẹnikẹ́ni.

Àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù àti àwọn tó fẹ́ tì í pa, púpọ̀ nínú wọn ló ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Pásítọ̀ tó bá ní irú méjèèjì nínú ìjọ rẹ̀ kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ òṣèlú lásán ni, nítorí ìdámẹ́wàá tó ń gbà ń ti inú àpótí owó ṣọ́ọ̀bù méjèèjì wá. Ó lè bi ọmọ Nàìjíríà bóyá ó forúkọ òwò rẹ̀ sílẹ̀, bóyá ó ń san owó orí, bóyá ọjà tó ń tà kì í ṣe ayédèrú. Ó lè bi ọmọ Ghana bóyá gbèsè kankan wà nílẹ̀ tí yóò parẹ́ bí aládùúgbò rẹ̀ bá lọ.